ORÍ TÍ Ó Ń GBÓNÁ: Èdè Aláìsàn àti Ẹ̀kọ́ Àkọ́kún fún Àwọn Olùtọ́jú Ọkàn ní Èkó

Ìfáárà

Iṣẹ́ tí a gbé ka iwájú nínú bébà yìí kò ju ọ̀kan lọ. A fẹ́ ṣe àlàyé ìdí tí èdè aláìsàn fi yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nígbà tí a bá pe àwọn olùtọ́jú ọkàn jọ láti fi ìmọ̀ tuntun nípa ọpọlọ àti nípa ìtúpalẹ̀ ọkàn kún èyí tí wọ́n ti ní. Ìtúpalẹ̀ ọkàn tí a ń wí ni ọ̀nà ìtọ́jú tí Sigmund Freud dá sílẹ̀ ní ìlú Vienna, nínú èyí tí aláìsàn ń sọ̀rọ̀, tí olùtọ́jú sì ń tẹ́tí sí ohun tí ó fara pamọ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbọ́ ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi akọ̀wé báǹkì kan ní Marina ṣe àpẹẹrẹ. A kò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó. Ìdánwò ìgbéga ń bọ̀ lọ́nà fún un. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní: "Orí mi ń gbóná. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Bí mo bá ṣí ìwé, ọ̀rọ̀ kì í wọlé mọ́." Dókítà kò gbọ́ Yorùbá. Ẹni tí ó ń ṣe ògbufọ̀ wá sọ fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé orí ń fọ́ ọkùnrin náà, kò sì lè kàwé. Ooru ti sọnù, èèrà ti sọnù. Oògùn orí fífọ́ ni akọ̀wé gbà lọ sílé, ìwé náà kò sì wọlé síbẹ̀.

Ohun tí Prince rí àti ohun tí Morakinyo rí

Àròyé báyìí kì í ṣe tuntun. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Raymond Prince, dókítà àrùn ọpọlọ láti Kánádà, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá pẹ̀lú ẹ̀dùn kan náà: orí àti ọrùn ń ta wọ́n tàbí kí ó máa gbóná, ojú wọn ń ṣú bí wọ́n bá ń kàwé, ohun tí wọ́n kà kò yé wọn, èyí tí ó yé wọn kò dúró. Ó tún rí i pé wọ́n a máa fi ọwọ́ pa àtàrí bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ní 1960 ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ tí ó sì pè é ní "brain fag", èyí tí í ṣe orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn fi ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ọpọlọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Àlàyé tí Prince ṣe sún mọ́ ọ̀nà ti Freud. Lójú rẹ̀, ìwé kíkà bí ti àwọn Òyìnbó a máa ya ọmọ sọ́tọ̀: òun nìkan ni yóò jókòó, òun nìkan ni yóò ṣe ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ẹbí ni ó dáwó jọ rán an nílé ìwé, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń retí èrè. Ìjà tí ẹnu kò lè sọ ni ó ń hàn lórí gẹ́gẹ́ bí ooru. A gbà pé òye ńlá wà nínú àlàyé yìí. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti í ta ilẹ̀ san owó ilé ìwé kò ní í jiyàn. Ṣùgbọ́n Prince tún fẹ́ kí a gbà pé ẹ̀kọ́ Òyìnbó kò bá ìwà àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí mu, níbẹ̀ ni a sì ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 1859 ni a dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní erékùṣù Èkó, ọdún 1909 ni a dá King's College sílẹ̀. Nígbà tí Prince fi dé Abẹ́òkúta, ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ní irú iyàrá ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti dàgbà.

Ní 1980, Olufemi Morakinyo ní Ilé-Ifẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn wo àìsàn kan náà. Ara àti iṣan ìmọ̀lára ni ó tọ́ka sí. Ó ní àwọn tí ó máa ń bá jà ni àwọn tí ìfẹ́ àtiyege ń lé léré, tí wọ́n ń lo ohun amójúdán láti fi lé oorun lọ. Ìmọ̀ òde òní nípa ọpọlọ ti gbè é lẹ́yìn dáadáa lórí èyí, nítorí a ti mọ̀ nísinsìnyí pé ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kọ́ lójúmọmọ jọ. Ẹni tí kò sùn ń bu omi sínú agbọ̀n.

Ibi tí orúkọ náà ti wá

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ó pa wá lẹ́rìn-ín bí kò bá jẹ́ pé ó ti ṣe ìpalára. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń kọ́ àwọn dókítà pé àìsàn àwọn ará Áfíríkà ni "brain fag". Ìwé atọ́nà àwọn dókítà àrùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn àìsàn àdúgbò ní 1994. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ní 2013, wọn kò fún un ní àyè tirẹ̀ láàárín àwọn àìsàn náà mọ́. Oyedeji Ayonrinde, tí òun náà jẹ́ dókítà àrùn ọpọlọ, wá tú àwọn ìwé àtijọ́ wò. Ó rí i pé àwọn ará Bìrìtìkó ni wọ́n ń lo orúkọ náà fún ara wọn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, fún àwọn tí ìwé kíkà àti iṣẹ́ ọpọlọ ti tán lókun. Bí ó ti jọ lójú tiwa, ọ̀nà tí ìwé ẹ̀kọ́ àti ìdánwò Kéńbíríìjì gbà gúnlẹ̀ sí etí ọ̀sà Marina ni orúkọ náà bá wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, dókítà gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun tí ó hù lórí ilẹ̀ wa.

Ọpọlọ àti ọkàn

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Prince àti Morakinyo ń ta ko ara wọn. Freud fúnra rẹ̀, dókítà iṣan ìmọ̀lára ni kí ó tó di ẹni tí a mọ̀ ọ́n sí. Ní 1895 ó gbìyànjú láti kọ ìwé tí yóò fi iṣẹ́ iṣan ṣe àlàyé iṣẹ́ ọkàn. Ó pa á tì, kò sì jáde títí di 1950, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìmọ̀ ọpọlọ ti ayé ìgbà náà kò ì gbé e dé ibi tí ó ń lọ. Eric Kandel, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000 nítorí iṣẹ́ tí ó fi ìgbín òkun ṣe lórí bí ẹ̀dá ti ń kọ́ nǹkan tí ó sì ń rántí, kọ̀wé ní 1999 pé ìtọ́jú tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe, bí ó bá ṣiṣẹ́, inú ọpọlọ ni ó ti ń yí nǹkan padà. Mark Solms, tí a bí ní Nàmíbíà tí ó sì ń kọ́ni ní Cape Town, wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2000 láti so ìmọ̀ méjèèjì pọ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún akọ̀wé Marina ni pé ooru orí rẹ̀ lè jẹ́ àìsùn, kí ó sì tún jẹ́ gbèsè ẹbí, lẹ́ẹ̀kan náà.

Orí wo?

Ibí gan-an ni èdè ti wọ ọ̀rọ̀. Ọpọlọ ni a fi ń pe ohun tí ó wà nínú agbárí. Òun náà ni a sì fi ń pe làákàyè, bí a bá ní ẹnì kan ní ọpọlọ. Iyè ni a fi ń rántí. Bí iyè bá ra, ènìyàn kò mọ ibi tí òun wà mọ́. Ọkàn ni kì í balẹ̀, àyà ni ó ń já, inú ni a ti ń ro nǹkan. Olùtọ́jú tí ó bá gbọ́ "inú mi kò dára" tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ń run aláìsàn ti sọ ìbànújẹ́ di àìsàn ikùn.

Orí ni ó le jù nínú gbogbo wọn. A lè fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n orí inú wà, èyí tí ènìyàn yàn lọ́dọ̀ Àjàlá kí ó tó wá sáyé. Nítorí náà, ẹni tí ó ní orí òun ń gbóná nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ lè máa béèrè ohun tí kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè: ǹjẹ́ orí òun gba ìwé? Kò sí ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ tí yóò fi ìbéèrè yẹn hàn. Olùtọ́jú tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa nìkan ni yóò dákẹ́ díẹ̀, kí ó sì wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orí wo ni ẹ ń wí?"

Ohun tí a lè kọ́ wọn

Thomas Adeoye Lambo ti fi apá kan èyí hàn ní Arò láti 1954, nígbà tí ó fi àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, tí ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn oníṣègùn wọ̀nyí kò ya ara sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀. Ewé asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n ń lò fún wèrè ní èròjà reserpine nínú, èyí tí ó ń dín àwọn èròjà tí iṣan ìmọ̀lára fi ń ránṣẹ́ síra wọn kù, tí ó sì ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí ewé ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dá Ifá, tí wọ́n ń bi ẹbí léèrè ọ̀rọ̀. A kò wí pé kí dókítà di babaláwo. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú tí kò bá béèrè irú àgbo tí aláìsàn ń mu kí ó tó kọ oògùn tirẹ̀ lè pa ènìyàn.

Òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí a bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023, ti rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà yí padà bákan náà. Kí a yẹ ara wò ná, nítorí ibà náà a máa mú orí gbóná. Lẹ́yìn èyí, kí olùtọ́jú béèrè bí aláìsàn ti ń sùn, ẹni tí ó ń san owó ìwé rẹ̀, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó ń ṣe òun. Kí a sì fi àyè sílẹ̀ lórí káàdì aláìsàn fún gbólóhùn rẹ̀ gan-an, ní Yorùbá, kí ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀ lé e. Kí a fi àmì ohùn sí i pẹ̀lú. Bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, ẹni tí yóò ka káàdì náà lọ́dún mẹ́ta sí i kò ní í mọ̀ bóyá iyè, ìyè tàbí iye ni aláìsàn sọ pé òun ń wá.