Bí Onírèsé Bá Kọ̀ Tí Kò Fíngbá Mọ́

Ẹni tí ó bá rin Mushin, Surulere àti Yaba já lónìí yóò rí ilé tí a fi ọ̀wọ̀n sìmẹ́ǹtì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí ewé àti òdòdó yọ lára wọn. Mọ́ọ̀dù ni wọ́n fi dà wọ́n. A kò bá onílé jà, nítorí ẹni tí ó kọ́lé ni ó mọ iye tí òun ná. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: níbo ni a ti rí àwòkọ yìí, kí ni a sì ń sọ nù bí a ti ń gbà á?

Ilẹ̀ Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ ni irú ọ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ ti wá. Ní nǹkan bí igba ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn oníṣẹ́ ọnà Òyìnbó tún jí àṣà náà dìde. Ní ọdún 1812, Thorvaldsen, ọmọ Dẹ́ńmáàkì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Róòmù, ṣe àwòrán bí Alẹkisáńdà ọba ti wọ Bábílónì, sára ògiri ààfin. Amọ̀ ni ó kọ́kọ́ fi mọ ọ́n, wọ́n fi pílásítà dà á, lẹ́yìn náà ni a tó gbẹ́ irú rẹ̀ sára òkúta mábù. Amọ̀ a máa gba àtúnṣe: èyí tí ó bá yẹ̀, ọwọ́ a tún un mọ.

Igi kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí àáké bá ti gé kúrò, ó lọ náà nìyẹn. Nítorí náà ni àwọn agbẹ́gilére wa ṣe ń tẹ̀ lé ìpele mẹ́rin: ọnà lílé, tí àáké ń la ìrísí jáde, alétúnlé, tí ojú àti apá ń yọ, dídán, tí ara igi ń jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí ọ̀bẹ ń fi ilà ojú àti irun dídì hàn.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ṣáájú 1915. Bíi ti Thorvaldsen, àwòrán ìwọ̀lú ni: wọ́n gbé Ambrose, Òyìnbó ìjọba, wọ̀lú, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ dè é. Ṣùgbọ́n ère Ọlọ́wẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ pákó. Wọ́n yọ síta bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kí ni. Ní 1924 a gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọba kò tà á; ìtẹ́ tí a ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀. British Museum ni ìlẹ̀kùn wà títí di òní.

Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fín in lè parun, bí kò bá rí ọwọ́ tí yóò gbà á. Ilé iṣẹ́ ọnà tí àwọn Fadá Àgùdà dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní 1947 ni Lámidì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Fákẹ́yẹ náà sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi àkókò iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí ẹ bá ń bèèrè ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn aṣojú yín, ẹ bèèrè yàrá iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú. Ìlẹ̀kùn kan ti lọ. Ẹ má jẹ́ kí agbẹ́gilére tẹ̀ lé e.