Kí ìwọ̀ ìpẹja tuntun tó dọ́jà

Kò ṣòro fún oníṣẹ́ irin ní Ìkòtún láti tẹ wáyà di ìwọ̀ ìpẹja. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí ìwọ̀ náà má nà, kó má sì kán, bí ẹja ńlá bá fà á. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ kó tó mọ èyí, owó rẹ̀ lè wọmi.

Mélòó kan péré ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ ṣe. Wáyà tí wọ́n fi ń so irin ilé kò lè ṣe é, torí kì í le bí wọ́n tilẹ̀ sun ún. Èyí tó ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀ ni kó wá. Yóò gé e, yóò pọ́n ẹnu rẹ̀, yóò gé ẹ̀gún tí kì í jẹ́ kí ẹja bọ́ sí i, yóò sì tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò sun ún nínú iná títí yóò fi pọ́n, yóò rì í sínú epo kó lè le, yóò sì tún yá a níná díẹ̀. Tíìnì tàbí níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń bò ó kó má baà tètè dógùn-ún. Bí ìwọ̀ bá nà nígbà ìdánwò, kò tíì le tó. Bó bá kán, ó ti le jù.

Kó tó gbé e fún apẹja Ẹ̀pẹ́ tàbí Bàdágìrì, kó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà sórúkọ ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Lábẹ́ òfin ọdún 1970, ohun tí aráàlú bá ti rí kì í ṣe tuntun mọ́. Ààbò ọdún 20 wà fún ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà ọ̀tọ̀. Ti ìrísí lásán jẹ́ ọdún 5, wọ́n sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rọ ló kẹ́yìn. Ohun tó bá ti yege ló ń sọ di púpọ̀, kì í tún èyí tó bàjẹ́ ṣe.