Ṣé O Mọ̀? Gìtá Blues Ti Dé Ibi Tí Ẹnikẹ́ni Ò Dé Rí

Ọ̀rẹ́ mi, sún mọ́ ibí. Ṣé o mọ̀ pé ọkùnrin kan sá wọ inú iná lọ nítorí gìtá?

B.B. King ni. Ọdún 1949 ni, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Twist, ní Arkansas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òtútù ń mú. Wọ́n bu kẹrosíìnì sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ṣáná sí i láàárín gbọ̀ngán ijó, káwọn èèyàn lè rí nǹkan yá. Ọkùnrin méjì wá gbéjà ko ara wọn. Wọ́n kọ lu dúrọ́ọ̀mù. Epo dà sílẹ̀. Ilé gbiná!

Gbogbo èèyàn sá jáde, B.B. King náà sá jáde. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀: gìtá ò sí níbẹ̀! Gìtá dọ́là 30. Ló bá sá padà sínú iná, ó gbé e jáde.

Kí ni wọ́n ń jà lé lórí? Obìnrin. Kí lorúkọ obìnrin náà? Lucille. Láti ìgbà yẹn títí B.B. King fi kú ní 2015, Lucille ló ń sọ gìtá tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

O ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ṣé o mọ iye òde tó lọ ní 1956? 342! Ọjọ́ 366 ló wà nínú ọdún yẹn. Tó bá jẹ́ òde kan lóòjọ́, ọjọ́ 24 péré ló kù fún un.

O tún mọ̀ pé tó bá ń kọrin, kì í sábà ta gìtá? Á kọ gbólóhùn kan, á pa ẹnu dé, Lucille á sì gbà á. Wo ọwọ́ òsì rẹ̀ nínú fídíò. Ìka kan ṣoṣo ló dúró lórí okùn kan ṣoṣo, ọwọ́ yòókù á ṣí sílẹ̀, á máa gbọ̀n rìrì. Ohùn kan péré ló máa jáde, wàá sì ti mọ̀ pé B.B. King ni.

Gbọ́ èyí ná: ihò tó wà lára gìtá máa ń jẹ́ kó hu tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá lọ sókè. Kí ni B.B. ṣe? Ó ki aṣọ ìnura bọ ihò náà! Nígbà tí ilé iṣẹ́ Gibson wá ṣe gìtá kan jáde tí wọ́n sọ ní Lucille, wọn ò lu irú ihò yẹn sí i mọ́.

King mélòó lo tiẹ̀ mọ̀? Mẹ́ta ni wọ́n! B.B., Albert, Freddie. Onígìtá blues ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. King ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́. Wọn ò sì bára wọn tan rárá!

Nelson ni orúkọ tí wọ́n bí Albert mọ́. Ó ti wa katakata rí, ọkùnrin gàgàrà ni. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Kàkà kó wá gìtá ọlọ́wọ́ òsì, tọlọ́wọ́ ọ̀tún ló gbé dorí kodò. Okùn tó tín-ín-rín jù bọ́ sókè, èyí tó ki jù bọ́ sísàlẹ̀. Okùn tí àwọn yòókù ń tì sókè, fífà ni Albert ń fà á wálẹ̀. Kí ló sì sọ gìtá tiẹ̀? Lucy!

O rò pé òun nìkan ni? Elizabeth Cotten ti ń dorí gìtá kodò kí wọ́n tó bí Albert! Àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń ta ohùn orin, àwọn ìka yòókù ló ń ta ohùn ìsàlẹ̀. Gbìyànjú ẹ̀ wò tóo bá ní gìtá nílé.

Ọmọdé ni Cotten nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ ilé kiri ní North Carolina. Sẹ́ńtì 75 ni wọ́n kọ́kọ́ ń san fún un lóṣù. Gìtá tó rà? Dọ́là 3 àti sẹ́ńtì 75! Bá mi ṣírò ẹ̀. Owó oṣù márùn-ún gbáko.

Ó ti tó bí ọmọ ọdún 11 tàbí 12 nígbà tó ṣe orin Freight Train. Lẹ́yìn náà ló gbé gìtá jù sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Dúró ná! Níbi tó ti ń tajà ní ilé ìtajà ńlá kan ní Washington, ó rí ọmọdébìnrin kan tó sọnù, ó mú un lọ fún ìyá ẹ̀. Ìyá ọmọ ní kó wá máa bá àwọn ṣiṣẹ́ nílé. Ilé ta ni? Ilé àwọn Seeger, ìdílé olórin! Gìtá wà níbẹ̀. Wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti ń ta á lọ́jọ́ kan, ẹnu yà wọ́n.

Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1958, ó ti lé lẹ́ni 60 ọdún. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní 1985, ó ti lé lẹ́ni 90 ọdún! Ta ló sọ pé ọjọ́ ti lọ?

Àwọn obìnrin mìíràn ṣì wà níwájú wa o. Ṣé o mọ̀ pé Memphis Minnie bá Big Bill Broonzy figa gbága lórí gìtá, tó sì jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀? Ẹni tó fìdí rẹmi, Big Bill fúnra rẹ̀, ló ròyìn ẹ̀ fáyé gbọ́!

Sister Rosetta Tharpe ńkọ́? Orin ìjọ ló ń kọ, gìtá blues ló fi ń gbè é. Ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti ń ta gìtá níwájú ìjọ.

Ní 1951, ó ṣe ìgbéyàwó. Níbo? Ní pápá ìṣeré Griffith, ní Washington! Àwọn èèyàn tó lé ní 20,000 ló san owó wọlé. Ìyàwó ṣe ìgbéyàwó tán, ó gbé gìtá oníná kọ́rùn pẹ̀lú aṣọ ìyàwó lára, ó dá orin sílẹ̀ fún wọn!

Ní 1964 ńkọ́? Ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin sí ibùdó rélùwéè kan tí wọ́n ti pa tì. Àwọn èrò jókòó sí òdìkejì ojú irin. Òjò dé! Rosetta gbé gìtá funfun kọ́rùn, ó fi orin òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́. Fídíò ẹ̀ ṣì wà. Wá a lálẹ́ òní.

Jẹ́ ká lọ sí Mississippi. Robert Johnson. Mélòó ni gbogbo orin tó gbà sílẹ̀? 29 péré! Ẹ̀ẹ̀mejì ló jókòó sídìí iṣẹ́ náà: ní San Antonio ní 1936, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, àti ní Dallas ní 1937. Ní 1938, ó kú. Ọmọ ọdún 27!

Òkúta ìsàmì mẹ́ta ló wà fún un ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ara ẹnì kan, ibojì mẹ́ta!

O ti gbọ́ ìtàn ẹ̀, àbí? Wọ́n ní ó gbé gìtá lọ sí oríta lóru, ẹ̀dá dúdú gàgàrà kan gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó yí okùn ẹ̀ ṣe, ó dá a padà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè bá a ta gìtá mọ́. Oríta! Ìwọ ọmọ Yorùbá, o ti mọ ẹni tó ń gbé oríta. Àwọn onímọ̀ kan ní Èṣù Ẹlẹ́gbára wa, tí àwọn Fọn ń pè ní Legba, ló bá àwọn baba ńlá wọn sọdá òkun tó fi dé inú ìtàn yìí.

Tommy Johnson ni wọ́n tiẹ̀ ti ń sọ irú ìtàn náà mọ́ ṣáájú. Johnson lòun náà, onígìtá lòun náà, kò sì bá Robert tan!

Tóo bá dé Clarksdale lónìí, wàá rí oríta ọ̀nà 61 àti 49. Wọ́n gbé àwọn gìtá búlúù ràgàjì sórí òpó níbẹ̀.

Mississippi John Hurt ńkọ́? Ó gba orin sílẹ̀ ní 1928, ó padà sóko. Ọdún 35 kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbọ́ orin ẹ̀ kan tó dárúkọ abúlé Avalon. Ló bá wa mọ́tò lọ síbẹ̀ ní 1963. Ó bá bàbá náà láàyè! Lọ́dún yẹn kan náà, bàbá ta gìtá níwájú ogunlọ́gọ̀ ní Newport.

John Lee Hooker ńkọ́? Orúkọ mélòó ló ní? Texas Slim. Birmingham Sam. Delta John. John Lee Booker. Johnny Williams. Èèyàn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn! Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ti gbà á lórin, orúkọ ọ̀tọ̀. Agbálẹ̀ ni ní ilé iṣẹ́ mọ́tò Ford ní Detroit nígbà tó ta orin Boogie Chillen' ní 1948. Kò sí ìlù, kò sí ẹlẹ́gbè. Gìtá, ohùn ẹ̀, àti ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń fi kilẹ̀. Orin náà gba ipò kìíní!

Èyí tó ń dùn mọ́ mi jù rèé: ọwọ́ kan ló ń gbé e fún ọwọ́ kejì.

Blind Lemon Jefferson kò ríran. Ọmọkùnrin kan ló ń fà á lọ́wọ́ kiri òpópónà Dallas. Ta lọmọ náà? T-Bone Walker! Ó dàgbà, ó gbé gìtá oníná sẹ́yìn orí, ó ń ta á níbẹ̀, ó tún ń ya ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀. Ta ló gbọ́ T-Bone tó sọ pé òun náà gbọ́dọ̀ ní gìtá oníná? B.B. King!

Buddy Guy náà, okùn waya tó yọ lára àwọ̀n fèrèsé ìyá ẹ̀ ló kọ́kọ́ so mọ́ igi ní Louisiana. Ó dé Chicago ní 1957. Ebi pa á débi pé ó ti ń ronú àtipadà sílé. Ọkùnrin kan pè é sínú mọ́tò, ó gbé búrẹ́dì àti ẹran fún un jẹ. Ta ni? Muddy Waters! Ẹni tí àwọn Rolling Stones ti ara orin ẹ̀ mú orúkọ!

Buddy wa ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò tó bà jẹ́ lójúmọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń ta gìtá lóru. Waya gìtá ẹ̀ gùn débi pé á rìn jáde nílé ọtí, á bọ́ sí títì, gìtá ò ní dákẹ́!

Ní 2025, ta lo rí nínú fíìmù Sinners, níbi tí onígìtá ọ̀dọ́ inú ìtàn ti di arúgbó? Buddy Guy, tí wọ́n bí ní 1936! Inú fíìmù kan náà ni ọmọ Yorùbá wa wà o: Wunmi Mosaku, tí wọ́n bí ní Zaria, tó dàgbà ní Manchester. Manchester tí Rosetta ti ta gìtá nínú òjò!

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé ńkọ́? Wọ́n ti dé!

Quinn Sullivan jẹ́ ọmọ ọdún 8 nígbà tí Buddy Guy pè é sórí ìtàgé. Joe Bonamassa jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tó ń ṣíde fún B.B. King. Jontavious Willis, ọmọ Georgia tí wọ́n bí ní 1996, rí Muddy Waters lórí YouTube ní ọmọ ọdún 14, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta blues àtijọ́ bí ẹni tó bá wọn jẹun.

Christone Ingram, tí wọ́n ń pè ní Kingfish, ni kóo wá dì mú ṣinṣin. 1999 ni wọ́n bí i. Níbo? Clarksdale! Ilé àkójọ ìtàn blues tó wà nílùú wọn ló ti kọ́ gìtá. Kó tó pé ọmọ ọdún 16, ó ti ta á ní ilé ààrẹ Amẹ́ríkà. Ó sọ àwo orin ẹ̀ kan ní 662, ìyẹn nọ́ńbà tó ń ṣíwájú fóònù àwọn ará àdúgbò ẹ̀. Àwo náà gba Grammy ní 2022! Ta ló ràn án lọ́wọ́ kí àwo àkọ́kọ́ tó jáde? Buddy Guy!

Mo ti fi èyí tó ga jù pa mọ́. Blind Willie Johnson, afọ́jú ará Texas, ta gìtá ní Dallas ní 1927. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan nínú orin náà. Ó kàn ń kùn ni, gìtá ń bá a kùn. Ní 1945, ilé ẹ̀ jóná, ó sì kú lọ́dún náà. Ní 1977, Amẹ́ríkà fi orin náà sínú àwo wúrà, wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀ Voyager méjì, wọ́n rán wọn lọ sójú sánmọ̀. Voyager kìíní ti jáde kúrò lábẹ́ afẹ́fẹ́ oòrùn láti 2012! Ó ti lé ní bílíọ̀nù 20 kìlómítà sí wa. Kò sí nǹkan tí ọwọ́ èèyàn ṣe tó jìnnà tó o!

Ó yá, mú fóònù ẹ. Cotten ni kóo kọ́kọ́ gbọ́. Tẹ̀ lé e pẹ̀lú Live at the Regal, tí B.B. King gbà ní Chicago ní 1964. Kóo wá parí ẹ̀ pẹ̀lú 662. Tí ọmọ kan bá sì wà nílé ẹ tó ń fi ìka gbo okùn lára igi, má pariwo mọ́ ọn. Ra gìtá fún un!