Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Bí ọmọ bá fi mọ́tò ilé gbá mọ́tò ẹlòmíràn

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo kan fi mọ́tò bàbá rẹ̀ gbá mọ́tò ẹlòmíràn láàárín Àgọ́-Ìwòyè sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ta ni yóò san owó àtúnṣe?

Láti oṣù kìíní ọdún 2023, àjọ NAICOM, tó ń ṣàkóso ínṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, ti sọ owó ínṣọ́ránsì third party (èyí tó ń san owó ohun tí a bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn) fún mọ́tò àdáni di ₦15,000 lọ́dún. ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Bí ọmọ náà bá jẹ̀bi, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí dúkìá ẹni tí ọmọ náà gbá mọ́tò rẹ̀. Àmọ́ àpò bàbá ni owó àtúnṣe mọ́tò tirẹ̀ yóò ti jáde.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, bí awakọ̀ bá jẹ́ ọ̀dọ́, owó ínṣọ́ránsì máa ń ga sí i. Níbí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti Abígí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, iye kan náà ni third party fọ́mọdé fágbà.

Ínṣọ́ránsì comprehensive ló yàtọ̀: owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò. Mọ́tò mílíọ̀nù 5 yóò gba ₦250,000, ó kéré tán. Ó ń tún mọ́tò onílé ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba owó àtúnṣe lè pàdánù ẹ̀dínwó ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 18, tàbí tí kò bá ní láísẹ́ǹsì, ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti tún mọ́tò yín ṣe.