Òfin tí Kò Yẹ̀ àti Ìdókòwò Ará Òkèèrè

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni pé, kí ni orílẹ̀-èdè tí ó ń gòkè àgbà lè ṣe kí àwọn ará òkèèrè lè wá dókòwò níbẹ̀? Kì í ṣe owó yíyá ni a ní lọ́kàn. Èlé ni ẹni tí ó yáni lówó ń retí. Ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ń ru ewu àdánù, ó sì ń mú ẹ̀rọ àti ìmọ̀ iṣẹ́ wá.

Ọ̀pọ̀ ìjọba a máa rò pé ìdáríjì owó-orí ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ìdáríjì yìí kò wúlò fún ẹni tí kò tíì jèrè. Ohun tí olówó kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, ṣé òfin tí òun bá níbẹ̀ ni yóò wà títí owó òun yóò fi padà?

Ẹ jẹ́ kí a wo Nàìjíríà. Òfin ọdún 1972 ya irú òwò 22 sọ́tọ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ti ọdún 1977 le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kí ọmọ onílẹ̀ ní ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àwọn báńkì. Ìdí òfin wọ̀nyí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí kò yẹ kí onílé di àlejò nínú ọjà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí òfin méjì láàárín ọdún márùn-ún kò lè ṣàìbẹ̀rù ẹ̀kẹta. Ní ọdún 1995 ni òfin mìíràn gba àlejò láàyè láti ní gbogbo ìpín ilé-iṣẹ́, àfi nínú òwò díẹ̀ bí ohun ìjà àti oògùn olóró.

Síbẹ̀, ìlò òfin ni ẹ̀rí rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, ìjọba ta ìwé-àṣẹ tẹlifóònù alágbèéká ní gbànjo ní gbangba, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 285 mílíọ̀nù dọ́là. Ilé-iṣẹ́ ọmọ onílẹ̀ kan tí kò san owó rẹ̀ tán kí ọjọ́ tó pé pàdánù tirẹ̀. MTN ti Gúúsù Áfíríkà àti Econet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ. Orílẹ̀-èdè tí ìlà tẹlifóònù rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan nígbà náà ti ní ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ lónìí.

A lè sọ pé ọjà ńlá ni ó fà wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjà náà ti wà tipẹ́. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni òfin tí ó mú onílé bí ó ti mú àlejò. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ìjọba tí ó bá fẹ́ dáàbò bo ọmọ onílẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti sọ ọ́ kí àlejò tó wọlé, tí kò sì yí i padà lẹ́yìn tí ó ti náwó.