Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìdọ̀tí ilé wa àti omi kànga Igando

Ẹ̀yin ará Ikotun, Egbeda àti Igando, ààtàn Solous kò jìnnà sí wa. Àjẹkù oúnjẹ tí a dà pọ̀ mọ́ ọ̀rá ń jẹrà níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi dúdú a máa ro láti inú rẹ̀ wọ ilẹ̀, ó sì lè dé inú kànga àti bohóòlù àdúgbò. Èyí ká mi lára ju òórùn rẹ̀ lọ.

Ilé ìdáná ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya ike àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà sọ́tọ̀ ní gbígbẹ. Àwọn tó ń rà á ń kiri àdúgbò. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ bo èèpo iṣu lẹ́yìnkùlé, yóò di ajílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ìdọ̀tí fún ọlọ́mọlanke tí ẹ kò mọ ibi tó ń dà á sí. Inú gọ́tà ni púpọ̀ rẹ̀ ń bọ́ sí.

Láti oṣù kìíní 2024 ni ìjọba Èkó ti fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Ti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ̀ lé e ní oṣù keje 2025. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà Ikotun, ẹ mú báàgì àti kúlà dání. Mọ́ínmọ́ín eléwé tí kò nílò ọ̀rá náà ṣì wà.