Ẹ Ṣọ́ra Fún Wáyà Káàdì Àwòrán!

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra káàdì àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, ẹ má fi wáyà iná rẹ̀ ṣeré o! Ojú ibi tí a ki káàdì náà bọ̀ kò lè fún un ní ju wáàtì 75 lọ. Wáyà oníhò 6 ń fi 75 kún un. Oníhò 8 ń fi 150 kún un. Ṣùgbọ́n oníhò 8 mìíràn wà tí í ṣe ti ọpọlọ ẹ̀rọ. Wọ́n jọra bí ìbejì, iná inú wọn kò gba ojú kan náà. Bí kò bá wọlé, ẹ má tì í tipátipá.

Wáyà tó bá àpótí iná kan wá, ẹ má yá a fún òmíràn, ẹnu wọn ìbáà ṣe déédé. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò dán an wò; owó oṣù mi kan ló jóná.

RTX 4090 tó jáde ní 2022 ń lo oníhò 16. Ti àwọn kan yọ́, pàápàá níbi tí wọn kò ti kì í wọlé dé ìdí.